Ẹ Jẹ́ Kí Ìlú Wa Náà Dojú Rú Nínú Ìwé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ń Tẹ Ìtàn Àròsọ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní gbogbo ilé ìtẹ̀wé tí ń tẹ ìtàn àròsọ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó bébà, ẹ kú ìfaradà iná tí kì í dúró, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwọn tó ń fi fọ́tókọ́pì ba ọjà yín jẹ́. Ìwé ni mo ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, lójú ọ̀nà Under-G tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ẹjọ́ ni mo wá rò fún yín, mo sì fẹ́ kí ayé bá wa gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi lẹ lẹ́tà yìí pa.

Àwọn òǹkàwé wa fẹ́ràn ìtàn iwin àti abàmì, a ti mọ ìyẹn tipẹ́. Wọ́n ti wá fẹ́ràn òmíràn báyìí: ìtàn ọ̀la tí ìlú ti dojú rú, tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan ti gba ayé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní dístópíà. Wọ́n ń kà á lórí fóònù, wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jà. Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀, láti páálí dé páálí. Ní èdè tí à ń sọ nílé, ẹ ò tíì fún mi ní ọ̀kan tí mo lè nawọ́ mú lé oníbàárà lọ́wọ́.

Mo mọ èsì yín, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aṣojú tó ń gbé ìwé wá fún wa. Ẹ ní Yorùbá kì í kàwé mọ́, àfi èyí tí WAEC bá yàn fún ọmọ ilé ìwé, bí ìdánwò bá sì ti parí, ó di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ra ẹ̀pà rí tí wọ́n fi ojú ìwé kan nínú ìtàn àròsọ yín di, tó ní àmì ohùn pé ṣánṣán, mo sì kà á tán kí n tó jẹ ẹ̀pà náà. Inú bí mi pé n kò rí èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní a kì í kàwé, kó wá jókòó sórí àga onírọ́bà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án Sátidé.

Ẹ gbọ́ èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń jiyàn lórí The Hunger Games, ìwé tí Suzanne Collins ará Amẹ́ríkà kọ ní 2008. Nínú ìwé náà, olú-ìlú kan ń jẹ gàba lórí àgbègbè 12. Lọ́dọọdún, àgbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, wọn a kó gbogbo wọn sínú pápá, wọn a sì máa para wọn lójú tẹlifíṣọ̀n títí yóò fi ku ẹyọ kan. Inú abọ́ gíláàsì ni wọ́n ti ń fa orúkọ yọ. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 12, orúkọ rẹ̀ ti wọ abọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà lè tún orúkọ rẹ̀ fi síbẹ̀ sí i, kí wọ́n lè fún ilé wọn ní ọkà àti òróró ọdún kan. Bí ebi bá ṣe pọ̀ tó nílé, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọ ń pọ̀ nínú abọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ibi abọ́ yẹn ni òun ti sunkún, òun ò sunkún níbi ìpànìyàn. Èkejì rẹ̀, ọmọ ẹnjiníà, ní àsọdùn ni, ìjọba wo ló máa dán irú ẹ̀ wò. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò ti ń tẹ́tí sí wọn látẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ dákun, ọmọ olówó ńkọ́? Ṣé òun náà ń fi orúkọ gba òróró?" Wọ́n ní rárá, kí ló máa fi í ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wá ń pe ìyẹn ní ìtàn." Ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ó padà wá. Ó ní ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí yẹn, ṣé Yorùbá rẹ̀ wà? Mo ní kò sí. Ó ní kí n wá èyí tó bá jọ ọ́. Mo wo pẹpẹ mi láti òkè délẹ̀. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ni mo fún un níkẹyìn, ìwé tí ọmọ Ọ̀yọ́ kọ, tó jáde ní 1969, nípa àwọn ènìyàn tó wà lábẹ́ àjàgà ọba ìlú mìíràn, tí wọ́n ń pa koríko fún ẹṣin rẹ̀, títí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ní àwọn ò pa á mọ́. Ó kà á. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ olókùn-ẹṣin kiri gáréèjì. Ìbéèrè tó bi mi nígbà tó dá a padà ni mo ń gbé fún yín: "Èyí ti àtijọ́ ni. Ti ọ̀la dà?"

Bàbá Tíṣà kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n máa ń jókòó lọ́dọ̀ mi kí oòrùn tó mú. Lójú tiwọn, kò sí ohun tí òyìnbó fẹ́ fi hàn wá nípa iwin. Wọ́n mọ ọdún tí ìwé jáde bí ẹní mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ní Tolkien tẹ The Hobbit ní 1937, Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ṣé ó ráyè jí i wò ni? Apá kìíní The Lord of the Rings jáde ní 1954, ọdún yẹn náà ni Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje jáde. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á tún rán wa létí pé St. Andrew's, ní Ọ̀yọ́ tó múlé gbè wá níbí, ni Fágúnwà ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Ọdún tí èmi fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni 1949. Ọdún yẹn ni Igbó Olódùmarè jáde. Ọdún yẹn náà ni George Orwell tẹ ìwé tó fi ọdún 1984 sọ lórúkọ, ní London. Nínú ọ̀kan, ọdẹ wọ igbó abàmì, ojú rẹ̀ rí màbo. Nínú èkejì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ kí irọ́ ìjọba lè di òótọ́, ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ nínú yàrá tirẹ̀, wọ́n wá mú un, wọ́n dá a lóró títí ó fi fẹ́ràn olórí tó ń ni í lára. Mo yá Bàbá Tíṣà ní èyí. Wọ́n kà á tán, wọ́n gbé e lé tábìlì tìbínú-tìbínú. "Ìtàn kí nìyí? Ẹni tó lọ kò dé!" Ibì kan ṣoṣo tó ká wọn lára ni ibi tí wọ́n ti ń tún ìwé ìròyìn kọ, torí iṣẹ́ ìtàn ayé àtijọ́ ni àwọn kọ́ ọmọ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, wọ́n sì fojú ara wọn rí i nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe nílé ìwé.

Ẹni tó lọ kò dé. Mo rò ó títí. Igbó Fágúnwà ní ẹnu bodè. Bó ti wù kí iwin ibẹ̀ burú tó, ilé wà lẹ́yìn ọdẹ, àwọn ará ilé ń retí rẹ̀, yóò padà wá ròyìn, ẹnìkan yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé ti Orwell, kò sí ẹnu bodè kankan. Àárín ilé ni iwin ń gbé, òun ló ń pín oúnjẹ, òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún ọ. Òǹkàwé tí Fágúnwà tọ́ dàgbà yóò máa retí kí ọdẹ padà délé, bí kò bá padà, ó dà bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí kì í retí bẹ́ẹ̀. Ilé tí ọdẹ ń padà sí yẹn gan-an ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtijápa kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan ń kọ́ èdè Jámánì lóru. Ẹ ò lè máa fi igbó nìkan dẹ́rù ba irú wọn, ẹ̀rù ìlú ló ń bà wọ́n.

Kí ẹ má rò pé mo ń kẹ́gàn Fágúnwà o. Ẹni tó bá kẹ́gàn rẹ̀ lójú mi kò ní ra ìwé lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n òǹkàwé òde òní ní ẹnu láti fi bá a wí. Ọmọ nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ka Ògbójú Ọdẹ, ó ní igbó náà dùn mọ́ òun, àmọ́ òun ò lè dárí ji Kàkó tó pa ìyàwó rẹ̀ torí pé obìnrin náà di mọ́ ọn pé kó má lọ. Bàbá Tíṣà ní bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, nínú Kàkó àti àwọn iwin tó lọ bá jà, èwo ni iwin?" Bàbá ní kí n fún àwọn lómi tútù.

Ẹ ò sì ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ohun tí ẹ máa fi kọ ti ìlú. Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ìlàrí tó ń fá apá kan orí, tí wọ́n ń gbé àṣẹ Aláàfin káàkiri, ta ni kì í mì bí wọ́n bá wọ̀lú? Àjẹlẹ̀ tí wọ́n fi sí ìlú tó ń sìn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe kó máa wò, kó sì máa ròyìn? Baṣọ̀run Gáà gba agbára mọ́ ọba lọ́wọ́ láti nǹkan bíi 1754 títí di 1774, Aláàfin ń jẹ, Aláàfin ń kú lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká ìgbèríko, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ààfin. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ tú ní àwọn ọdún 1830. Ìlú tí ayé ń wárí fún di igbó, òun ló wà nínú Old Oyo National Park lónìí, tí ẹranko ń rìn níbi tí ẹṣin ti ń sáré. Púpọ̀ nínú àwọn tó sá fún ogun ìgbà náà ló wọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ-ọmọ wọn ló ń ra ìwé lọ́wọ́ mi. Òyìnbó ní láti fi ọpọlọ ro ìlú ńlá tó ṣófo, àwa ní ọ̀kan tí ènìyàn lè wọkọ̀ lọ wò. Kí òǹkọ̀wé kan gbé ìlàrí wọ ọdún 2090, kó fún un ní fóònù dípò ọ̀pá, kó wò ó bóyá oorun yóò kun òǹkàwé.

Ẹ máa ní ìjọ ńkọ́, àwọn òbí ńkọ́. Ẹ jàre díẹ̀ níbẹ̀. Ìlú yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 wà, ènìyàn ò sì lè pàtẹ iwin níbí kí ẹnikẹ́ni má bi í. Màmá kan dá ìwé ọmọ wọn padà fún mi torí obìnrin abìyẹ́ tó wà lára páálí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Mo dá owó wọn padà, oníbàárà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ fi Màmá ṣe àwáwí, torí ẹ mọ ìtàn náà jù wọ́n lọ. Kí Fágúnwà tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti tẹ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ fún wa ní Yorùbá, ìwé John Bunyan, tí òmìrán ń ti ènìyàn mọ́ inú túbú nínú rẹ̀, tí èrò mímọ́ sì ń bá abàmì onípẹ́ ẹja lára jà lójú ọ̀nà. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS náà ni Ògbójú Ọdẹ ti kọ́kọ́ jáde. Ẹranko olórí méje oníwo mẹ́wàá inú Ìfihàn, Màmá mọ̀ ọ́n sórí ju èmi lọ. Inú ìjọ gan-an ni irú ìtàn yìí ti wọ ìwé Yorùbá, ẹ kàn rọra ṣàlàyé fún àwọn òbí ni, kí ẹ sì ṣọ́ àwòrán tí ẹ ń fi sára páálí.

Ó wá kan ohun tó bí mi nínú tí mo fi mú gègé. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó kọjú sí tèmi, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àkànṣe wọn. Bí kò bá sí iṣẹ́, ó ń tẹ tirẹ̀. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ọ̀la kan ni, níbi tí ìjọba ti kó gbogbo oríkì wọ inú ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ ki èèyàn mọ́. Ìyá tó bá fẹ́ ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ yóò ra káàdì, yóò họ ọ́, ẹ̀rọ yóò bá a ki ọmọ náà pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí owó inú káàdì bá tán, ẹ̀rọ á dákẹ́ ní ìdajì Àkànní. Akọni inú ìtàn náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fetí kọ́ ilé onílé. Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìyá arúgbó kan tó da aṣọ bo ọmọ ọwọ́ lórí, tó ń ki í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí etí. Ó yẹ kó kọ nọ́ńbà ilé náà sílẹ̀. Kò kọ ọ́. Orílẹ̀ tirẹ̀ ni ìyá náà ń kì, kò sì gbọ́ ọ rí láyé. Ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́, títí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ilé ìtẹ̀wé kan, tí n kò ní dárúkọ, kà á. Wọ́n ní èdè rẹ̀ dùn, àmọ́ níbo ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn wà? Wọ́n ní kó fi orí kan kún un, tí olórí ìjọba yóò ti ronú pìwà dà, tí wọn yóò sì dá oríkì padà fún aráàlú. Wọ́n tún ní kò bá ìlànà ilé ìwé mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ìwàásù ló ń ta ìwé? Lóòótọ́, Fágúnwà máa ń dúró sáàárín ìtàn láti wàásù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn, ó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín kí a tó mọ̀ pé ìbáwí ni. Bẹ́ẹ̀ náà, mo rí àwọn tó ń fo ibẹ̀, ojú ìwé wọn ṣì mọ́ tónítóní. Ìtàn ìlú tó dojú rú kò lè gba irú orí ìrònúpìwàdà yẹn, yóò bà á jẹ́ pátápátá. Ohun tó ń mú òǹkàwé padà wá jiyàn lọ́jọ́ kejì ni pé kò mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. A tẹ ẹ̀dà díẹ̀ jáde ní fọ́tókọ́pì, a dì í, a pín in kà. Ọmọ ẹnjiníà ní ọlọ́pàá ló kan ilẹ̀kùn. Ọmọ nọ́ọ̀sì ní ìyá arúgbó náà ni, ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà kan tó ń kọ́lé lẹ́yìn wa fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta káàdì náà. Bàbá Tíṣà ní ìranù ni, ẹni tó lọ kò tún dé, wọ́n sì gba ẹ̀dà tiwọn lọ sílé láti lọ tún un kà.

Bí ẹ kò bá tẹ irú èyí, àwọn tó lọ́pọlọ á máa kọ tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì ní bá wọn wí. Amos Tutuola fi Gẹ̀ẹ́sì gbé iwin wa lọ sí London ní 1952. Ní 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tẹ Children of Blood and Bone, òrìṣà wa wà nínú rẹ̀, Ìlọrin àti Ìbàdàn wà nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, Yorùbá ni àwọn onídán ibẹ̀ sì ń pè bí wọ́n bá fẹ́ pidán. Àwọn ọmọ ràn mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn wá ní ohun kan ń dun òun: ọfọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi Yorùbá pè níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ gidi bá dé, wọ́n á padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára yín lọ. Ẹ má dúró de WAEC. Ẹ tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ ilé ìwé lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà, bí ìtàn bá gùn, ẹ gé e sí apá kéékèèké, àwa la máa bá yín fi apá kejì dá ọjọ́ fún wọn. Ẹ fi àmì ohùn sí i, torí ọmọ tó ń ka Yorùbá láìsí àmì á kà á bí ẹni ń kólòlò. Ẹ ṣe ti orí fóònù náà, kí ẹ tà á fúnra yín kí àwọn kan tó bá yín pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kà á kí ẹ tó ní kò ní tà, ẹ má fi olùkọ́ nìkan ṣe adájọ́.

Ìwé àfọwọ́kọ ọmọbìnrin náà wà lọ́dọ̀ mi, ó ti fọwọ́ sí i pé kí n fi hàn yín. Orí ìrònúpìwàdà kò sí nínú rẹ̀, ó sì ní kí n sọ fún yín pé kò ní sí. Bí ẹ bá ń bọ̀, ọ̀sán ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bá mi kó ẹ̀dà Ọmọ Olókùn-Ẹṣin díẹ̀ dání, tèmi ti tán.

Èmi ni tiyín,
Olùtàwé kan ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́